Ọ̀sẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé ní Kíláàsì Kejì: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ewé, Ápù àti Elégédé Kọ́ Ọmọ

Bí ẹ bá jẹ́ tíṣà tó ti Nàìjíríà wá kọ́ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá lè ká yín mọ́ láìmúra. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé ìwé á ti yí padà: wọ́n á ti lẹ ewé pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, elégédé á ti wà lórí tábìlì ọ́fíìsì, tíṣà kọ̀ọ̀kan á sì ti máa sọ ohun tí kíláàsì tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Àwa tí a dàgbà sínú òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, a kò bá ìgbà ìwọ́wé lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó kọ́ wa. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín. Kò sí ìgbà tó rọrùn tó o láti kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, torí pé ohun ìkọ́ni wà nílẹ̀ níta, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ ní ìpínlẹ̀ Maryland, àwọn ọmọ ọdún 7 sí 8, ọjọ́ orí wọn ni mo sì ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Òbí tó fẹ́ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé lè ṣe é pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì: kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tó gé nǹkan, kí a tó wọn nǹkan, kí a tó ka nǹkan. Bí ẹ bá kàn la elégédé níwájú wọn, wọ́n á pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé hóró 80 ló wà nínú elégédé yìí kò ní gbé ojú kúrò títí ẹ ó fi ka hóró tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń dúró dè.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá ló dára jù ní agbègbè wa. Ọjọ́ Ajé kejì oṣù náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ilé ìwé púpọ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀sẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ní òkè àríwá bíi Vermont àti Maine, ẹ tètè ṣe é, torí ewé tibẹ̀ tètè ń pọ́n, ó sì tètè ń já. Bó bá jẹ́ Houston tàbí Florida lẹ wà, igi yín kò ní pọ́n nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ẹ̀fọ́ spinach tí ẹ rà lọ́jà ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ápù àti elégédé wà níbi gbogbo.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí. Ẹ bi wọ́n bóyá oúnjẹ kan wà tí ara ọmọ wọn kì í gbà, kí ẹ sì lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwé pẹ̀lú, nítorí òbí lè gbàgbé láti dáhùn, àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà kì í ṣe ohun ṣeréṣeré níhìn-ín. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Inú lẹ́tà yìí kan náà ni kí ẹ ti tọrọ ohun èlò, kí ẹ sì béèrè òbí méjì tó lè wá ràn yín lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Ẹ tètè béèrè, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń yẹ ìtàn ẹni wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ kíláàsì.

Ẹ sọ ọ́ gbangba nínú lẹ́tà náà pé ìgbà ìwọ́wé àti ìkórè ni ẹ fẹ́ kọ́ wọn, pé kì í ṣe Halloween, ayẹyẹ ìparí oṣù kẹwàá tí àwọn ọmọdé ti ń múra bí iwin. Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe Halloween, Mùsùlùmí púpọ̀ kò fẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò sì fẹ́ gbọ́ nípa àjẹ́ àti egungun òkú nínú kíláàsì ọmọ wọn. Ó ń dùn mí gan-an láti rí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ jókòó ní láíbìrì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Elégédé tí a kò gbẹ́ ojú àti eyín sí lára kò lé ọmọ kankan jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, gbogbo wọn á jọ ṣe é.

Kí ọ̀gá ilé ìwé tó béèrè ohun tí elégédé ń wá nínú ìṣirò, ẹ ti so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìlànà ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yín. Nínú Common Core, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé, ọmọ kíláàsì kejì ní láti mọ bí a ṣe ń wọn gígùn nǹkan, kó lè ya bar graph (àwòrán tó ń fi ọ̀pá gígùn àti kúkúrú sọ iye nǹkan) tí ìsọ̀rí rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, kó sì mọ bí nọ́ńbà tó tó 1000 ṣe pín sí ọgọ́rùn-ún, ẹ̀wá àti ẹyọ. Gbogbo ìyẹn ni ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Texas ní ìlànà tirẹ̀, ẹ wò ó níbẹ̀.

Ohun èlò rèé:

- bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí, funfun
- sípíríìtì tí wọ́n ń pè ní rubbing alcohol ní ilé ìtajà oògùn, àti ife gíláàsì mẹ́rin
- ápù oríṣi mẹ́ta, lẹ́mọ́ọ̀nù méjì, iyọ̀
- elégédé kékeré kan fún ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pie
- òwú híhun, rúlà, ife bébà kéékèèké tí wọ́n fi ń yan kéèkì, àwo bébà
- òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, àti ike ńlá fún omi
- ìwé pẹlẹbẹ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan

Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fa ilà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á kọ ohun tó rò sí apá òsì, á sì kọ ohun tó rí sí apá ọ̀tún. Apá òsì kò ṣeé parẹ́, ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan á fẹ́ fi írésà pa á rẹ́ tí wọ́n bá rí i pé kò rí bí wọ́n ṣe rò, torí ilé ìwé ti kọ́ wọn pé àṣìṣe jẹ́ ìtìjú. Bí wọ́n bá ń fi kéréyọ́nù kọ apá òsì, írésà kò ní ràn án.

Ọjọ́ Ajé: Ewé

Ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ewé mẹ́ta wá láti ilé, tàbí kí ẹ jọ ṣà wọ́n ní àgbàlá ilé ìwé. Kí ewé tútù wà níbẹ̀, kí èyí tó ti pọ́n náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n pín ewé náà sí ọ̀nà tó wù wọ́n, bóyá nípa àwọ̀, bóyá nípa eteetí rẹ̀, bóyá nípa iye ìka tó ní. Ẹ má tètè sọ orúkọ igi fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ewé maple tútù kan sókè kí ẹ sì béèrè pé: "Ǹjẹ́ yẹ́lò wà nínú ewé yìí?" Ọ̀pọ̀ wọn á sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àyẹ̀wò náà rèé:

1. Àwọn ọmọ á ya ewé tútù sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú ife gíláàsì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ewé pupa nínú ife mìíràn.
2. Ẹ̀yin fúnra yín á da sípíríìtì lé e títí yóò fi bo ewé náà, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, iná kankan kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí. Ẹ ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn.
3. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu ife, kí ẹ gbé e sínú abọ́ omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
4. Ẹ gé bébà kọfí ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù so ó mọ́ pẹ́ńsù, kí ẹ gbé pẹ́ńsù náà dábùú ẹnu ife kí ìdí bébà lè kan omi ewé náà.
5. Ẹ lọ jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà dé, àwọ̀ á ti gun bébà náà lọ sókè. Nínú ife ewé tútù, yẹ́lò á ti yà kúrò lára àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣàlàyé, ẹ má ṣe é ṣáájú. Yẹ́lò ti wà nínú ewé láti ìgbà ooru, chlorophyll ló bò ó mọ́lẹ̀, ohun tí ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi ṣe oúnjẹ fún igi. Láti nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀sán á máa kúrú ju òru lọ. Igi á dáwọ́ chlorophyll ṣíṣe dúró, èyí tó wà nílẹ̀ á bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, yẹ́lò á sì yọjú. Pupa yàtọ̀. Àwọn igi bíi red maple máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ní ìgbà ìwọ́wé láti ara ṣúgà tó há sínú ewé. Lẹ́yìn náà igi á dí ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé á sì já.

Bébà ewé pupa lè má hàn dáadáa. Ẹ sọ bó ṣe rí fún wọn, kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ápù

Ẹ ra Gala, Granny Smith àti Honeycrisp. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, Yunifásítì Minnesota ló mú un jáde ní 1991, ó wọ́n díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ró lẹ́nu tó máa ń ya ọmọdé lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni kíláàsì yìí máa yàn jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́, kí wọ́n tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kí wọ́n dìbò, kí wọ́n sì ya bar graph. Granny Smith máa ń kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí òun ló bá wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ápù kan, ẹ béèrè ohun tó wà láàárín rẹ̀, kí ẹ sì dábùú gé e dípò kí ẹ gé e láti orí dé ìdí. Ìràwọ̀ aláwẹ́ márùn-ún á yọ, hóró á sì wà nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú wọn á dùn débi pé wọ́n á fẹ́ kí ẹ gé gbogbo ápù tó kù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ègé márùn-ún sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lásán, ẹ ki ọ̀kan bọ omi, ọ̀kan bọ omi iyọ̀, ọ̀kan bọ omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ẹ sì fi ọ̀rá wé ọ̀kan pinpin. Èwo ló máa kọ́kọ́ dúdú? Kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń bá ohun tó wà nínú ápù ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀bẹ bá ti là á, kíkan lẹ́mọ́ọ̀nù sì ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bẹ iṣu rí tó sì yára kó o sínú omi kó má bàa dúdú ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ sọ ìtàn John Chapman fún wọn, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ sí Johnny Appleseed. Wọ́n bí i ní Massachusetts ní 1774, ó sì kú ní Indiana ní 1845. Ó gbin hóró ápù káàkiri Pennsylvania, Ohio àti Indiana. Ó wulẹ̀ jẹ́ ìtàn tó bá ọjọ́ náà mu, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò àyẹ̀wò.

Ọjọ́rú: Elégédé

Ọjọ́ yìí ni iṣẹ́ pọ̀ jù, òun náà ni wọn kì í gbàgbé. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ ní kí wọ́n ká apá aṣọ sókè, kí ẹ sì pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan elégédé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gé òwú tó rò pé yóò yí ikùn rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Ojú nìkan ni kí wọ́n fi wò ó. Nígbà tí wọ́n bá ti gé e tán, kí wọ́n wá yí i ká. Ẹ lẹ òwú náà mọ́ bọ́ọ̀dù ní ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó gùn jù, èyí tó kúrú jù, èyí tó ṣe rẹ́gí. Èyí tó gùn jù ló sábà máa ń pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi rúlà wọn òwú tó ṣe rẹ́gí ní íǹṣì àti ní sẹ̀ǹtímítà.

Ìwọ̀n ló kàn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ gbé elégédé dání, kí ẹ sì tún gùn ún láìgbé e. Kí wọ́n yọ èkejì kúrò nínú èkíní: bí ó bá jẹ́ 164 àti 158, elégédé náà jẹ́ pọ́n-ùn 6. Ẹ má gbé ọmọ kankan gun òṣùwọ̀n lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara sísan máa ń dun ọmọdé ju bí àgbà ṣe rò lọ, ọgbẹ́ rẹ̀ sì lè pẹ́.

Ṣé yóò rì àbí yóò léfòó? Ọ̀pọ̀ á ní yóò rì, nítorí ó wúwo lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbé e sínú ike omi. Yóò léfòó. Ẹ má dáhùn ìbéèrè wọn síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹ bá là á.

Kí ẹ tó là á, hóró mélòó ló wà níbẹ̀? Kí gbogbo wọn kọ ọ́. Àwọn kan á kọ 20, àwọn kan á kọ mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin tàbí òbí tó wá ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ. Wọ́n á rí i pé òfìfo wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹnu ara wọn sọ ìdí tó fi léfòó. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ìfun elégédé lè máa fi ṣíbí kó o, ẹ má fipá mú un.

Kí wọ́n fọ hóró náà, kí wọ́n kó o ní mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ife bébà. Ife mẹ́wàá á wọ inú àwo kan. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní àwo 3, ife 4 àti hóró 7, ó di 347, kò sì sí ẹni tó nílò àlàyé mọ́ nípa ohun tí 3 àti 4 ń ṣe nínú nọ́ńbà yẹn. Mo ti rí ọmọ tó ti ń tiraka pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún àti ẹ̀wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó gbà á lójú ẹsẹ̀ nídìí àwo hóró. Ẹ tò ó sórí bọ́ọ̀dù kí ẹ béèrè bóyá elégédé tó tóbi jù ló ní hóró jù. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gúsí nílé, ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan wá nínú ọ̀rá tó dì, kí wọ́n fi wé hóró elégédé. Kí wọ́n wò ó lásán, wọn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ìdílé kan náà ni bàrà, tí ẹ̀gúsí ti ń wá, àti elégédé. Èyí á sì ṣí ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ oko: àwọn Haudenosaunee, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ilẹ̀ wọn wà ní apá New York, máa ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní arábìnrin mẹ́ta. Ẹ̀wà á gun igi àgbàdo, á sì fún ilẹ̀ lókun. Ewé elégédé á bo ilẹ̀ kí koríko má lè hù. Iṣẹ́ yìí kan náà ni ẹ̀gúsí ń ṣe láàárín iṣu àti àgbàdo lóko wa. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pé àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ̀nyí ṣì wà lónìí, kí wọ́n má rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni wọ́n.

Ẹ lè yan hóró náà nílé: ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ da òróró díẹ̀ àti iyọ̀ sí i, kí ẹ yan án ní 300°F fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bí ilé ìwé yín kò bá gba oúnjẹ tí a sè nílé, ẹ fi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀: Ìrìn

Ìṣẹ́jú 40 tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí òtútù ìta jẹ́ ní Fahrenheit, kí wọ́n wọn ọ́n ní àárọ̀, kí wọ́n tún wọn ọ́n ní ọ̀sán. Níta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó jẹ́ẹ́ níbì kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó kọ ohun tó gbọ́ àti ohun tó rí. Wọ́n á rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ri èso óákù mọ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń rántí gbogbo ibi tó ri nǹkan sí. Kì í rántí gbogbo rẹ̀, òmíràn nínú èyí tó gbàgbé a sì máa hù di igi.

Ọ̀rọ̀ ààbò wà tí ẹni tí kò dàgbà níhìn-ín lè má mọ̀. Poison ivy, ewéko olóró kan, máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú ní ìgbà yìí, ọmọ tó ń ṣa ewé sì lè fà á já nítorí ẹwà rẹ̀, kí ara rẹ̀ wá máa yún un kó sì lé ròrò. Ewé rẹ̀ máa ń jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé lára igi. Èyí tó wà nílẹ̀ ní àárín pápá nìkan ni kí wọ́n ṣà. Eégbọn náà ṣì wà nínú koríko gíga ní oṣù kẹwàá, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá wọlé, kí wọ́n da ojú ewé bolẹ̀ kí iṣan rẹ̀ wà lókè, kí wọ́n gbé bébà lé e, kí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ kéréyọ́nù pa á. Àwòrán rẹ̀ á jáde. Òun ni ẹ máa lò lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì: Kíkọ àti ìpàtẹ

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, èyí tí ohun tó rò àti ohun tó rí jìnnà síra jù, kó fi kọ ìpínrọ̀ kan: mo rò pé, mo rí i pé, ohun tó fà á ni. Fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń le fún, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n lẹ ìpínrọ̀ náà sábẹ́ àwòrán ewé wọn, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí àwọn òbí bá wá lọ́sàn-án, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́yìn.

Ẹ má da gbogbo elégédé nù. Ẹ gbé èyí tó kéré jù sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ da yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù dì í yíká, nítorí ebu tó máa bò ó kò dára láti fà símú. Kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí i títí di ọjọ́ ìsinmi Thanksgiving ní ìparí oṣù kọkànlá, kí wọ́n sì máa ya àwòrán rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àwọn yòókù, ẹ kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀, tàbí kí ẹ fún òbí tó ní adìẹ nílé.